Ojú Olójú: Níbo Ni Àtúnṣe Fọ́tò Ti Ń Di Irọ́?

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ nínú àròkọ yìí: ojú ọmọ ènìyàn nínú fọ́tò, àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí ojú náà lẹ́yìn tí a bá ti ya fọ́tò tán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí wọn kò rí ojú ara wọn, apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà ti sọnù. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ojú tí a ń rí lára pátákó ìpolówó, lórí ìwé ìkéde ìsìnkú, àti lára abẹ̀bẹ̀ tí a ń pín níbi òkú àgbà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò tíì fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé: nígbà wo ni àtúnṣe jẹ́ àtúnṣe, nígbà wo ni ó sì di irọ́? N kì bá tí da ara mi láàmú lórí ìbéèrè yìí bí kò bá ṣe ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìsẹ̀, papò dà ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sì fi ọmọ sáyé lọ, nítorí náà òkú àṣeyẹ ni. Àwọn ẹbí pín iṣẹ́ ìsìnkú láàárín ara wọn. Àwọn kan gba ti màlúù, àwọn kan gba ti àgọ́ àti àga, wọ́n sì ní kí èmi tí mo jẹ́ ọ̀mọ̀wé gba ti ìwé ìkéde. Ìgbà náà ni a tó rí i pé Màmá Ìsẹ̀ kò ya fọ́tò púpọ̀ láyé. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa nínú rẹ̀ ni fọ́tò pélébé tí ó yà nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, kí ó tó di àgbàlagbà. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Omi ti ta sí i níwájú orí, òǹtẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wà ní igun rẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ sì ti pọ́n bí ewé tó rọ.

Mo gbé fọ́tò yìí lọ sí Ìkéré-Èkìtì, sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bí ènìyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa wo òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ìwà. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sán, ó tẹríba, ó ní, “Sà, ẹ wá wo màmá. Mo ti bá yín tún wọn ṣe, wọ́n ti dà bí ọmọge.” Mo wò ó. Àbàwọ́n omi ti lọ, òǹtẹ̀ ti lọ, aṣọ ti ní àwọ̀ aró tí ó ń tàn yanran. Inú mi dùn. Mo sanwó, mo gba èyí tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, mo kọrí sí Ìsẹ̀.

Ìyá mi, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó yí i padà bí ẹni pé ohun tí ó ń wá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ta lèyí?” Mo rò pé ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́. Ó ní, “Ojú mi kò fọ́. Níbo ni wọ́n kó ilà àbúrò mi lọ?” Ìgbà náà ni ojú tèmi náà là. Ilà pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Ìsẹ̀ láti kékeré ti pòórá. Adúmáadán obìnrin tí a mọ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Ojú arẹwà kan ni ó wà nínú ìwé yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ẹni tí a fẹ́ sin.

Kí a tó dá ọmọ náà lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò bá wọ inú kọ̀ǹpútà, kì í wọ ibẹ̀ bí ojú ṣe ń rí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní skánà máa ń gé e sí àwọn ẹyọ kéékèèké onígun mẹ́rin, bí ẹní tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán hun, ó sì ń fi iye kan sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Pixel ni wọ́n ń pe ẹyọ bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Russell Kirsch, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1957. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ tí ó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́ ni ó lò, ẹyọ 176 ní ìbú àti 176 ní òró ni ó sì gé e sí. Gbogbo rẹ̀ kò ju 30,976 lọ. Bí a bá wo àwòrán náà lónìí, a ó rí i pé ọmọ ni, ṣùgbọ́n a kò lè ka irun ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìṣirò díẹ̀ wo fọ́tò Màmá Ìsẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1.5. Bí a bá ní kí skánà gé íńṣì kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ 300, ẹyọ 450 ni a ó rí ní ìbú. Ìwé ìkéde tí a fẹ́ tẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 15. Bí a bá na ẹyọ 450 kárí íńṣì 15, ẹyọ 30 péré ni yóò bọ́ sí íńṣì kan, bẹ́ẹ̀ 300 ni àwọn atẹ̀wé máa ń fẹ́ kí àwòrán tó dán. Ojú yóò wá rí págunpàgun bí ògiri bíríkì. A lè ní kí skánà gé e wẹ́wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gé íńṣì kan sí 1,200. Èyí yóò ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ, nítorí pé ohun tí bébà fọ́tò náà kò gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n yà á, kò sí skánà tí ó lè rí i níbẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti ibẹ̀ lọ ni pé ó ń méfò. Ó ń wo ẹyọ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń dá ẹ̀kẹta sáàárín wọn. Àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti òde òní tilẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ti wo ẹgbàágbèje ojú mìíràn, ojú àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n sì fi ń dí àlàfo tí ó wà lójú ẹni tiwa. Àkíyèsí kìn-ín-ní tí ó yẹ kí á ṣe nìyí. Àwòrán tí a sọ di ńlá kì í ṣe ẹlẹ́rìí látòkèdélẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, apá kan sì jẹ́ ìméfò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò rọrùn. Nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, iye kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí 0, tí í ṣe dúdú kirikiri, dé orí 255, tí í ṣe funfun báláú. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín jẹ́ àwọ̀ eérú. Nínú àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, iye mẹ́ta ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ti ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, àti ti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró. Èyí ni wọ́n ń pè ní RGB. James Clerk Maxwell ni ó fi irú ọgbọ́n yìí han àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1861, nígbà tí ó fi àwòrán ẹ̀ẹ̀mẹta tí a yà láti inú asẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta sọ ríbọ́nì kan di aláwọ̀. Ṣùgbọ́n bébà kì í tan ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ tẹ àwòrán, tàdáwà mẹ́rin ni a ń lò: èyí tí ó jọ àwọ̀ sánmà, èyí tí ó pupa bí àlùkò, èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè, àti dúdú. CMYK ni orúkọ tiwọn. Àwọn àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe tí tàdáwà kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí aró tí ó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà ní Ìkéré fi ṣú nígbà tí mo tú ìwé náà ní Ìsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá náà ní mẹ́ta tiwa: funfun, pupa, dúdú. Abẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí ni a ń kó gbogbo àwọ̀ ayé sí. Ewé tútù ń bẹ lábẹ́ dúdú, osùn àti ìyeyè ń bẹ lábẹ́ pupa. A kò tún lè sọ pé ẹni tí ó rí ayé ní mẹ́ta bí tiwa ń purọ́, tàbí pé ẹ̀rọ tí ó rí i ní mẹ́ta mìíràn ni ó ń sọ òtítọ́. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó ń gbà pín ohun tí ó ń rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òtítọ́ ni fọ́tò, kí a má fọwọ́ kàn án, kò tíì ronú jinlẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ya fọ́tò Màmá Ìsẹ̀ ní dúdú àti funfun ni ẹnìkan ti yàn fún un pé kí àwọ̀ ara rẹ̀ di eérú. Kò sí fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò yan nǹkan kan nínú rẹ̀.

Àti pé ẹni tí ó ń yàn kì í sábà jẹ́ àwa. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọ̀ tí ẹ̀rọ wọn ń gbé jáde tọ̀nà. Obìnrin òyìnbó kan ni ó wà lórí káàdì náà, Shirley sì ni wọ́n ń pe káàdì bẹ́ẹ̀. Bí ara Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Adúláwọ̀ tí ó bá jókòó ti òyìnbó nínú fọ́tò kan náà máa ń di òkùnkùn, tí eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan yóò máa hàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ojú àwọn ènìyàn aláwọ̀ mìíràn sórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ní irú ipò yìí, ẹni tí ó bá fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú adúláwọ̀ kò purọ́. Òtítọ́ tí ẹ̀rọ gbé mì ni ó gbà padà. Àtúnṣe lè jẹ́ ọ̀nà ìdájọ́ òdodo.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà ni ó lè da òkùnkùn bolẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, ìwé ìròyìn méjì ní Amẹ́ríkà, Time àti Newsweek, gbé fọ́tò kan náà jáde ní ọ̀sẹ̀ kan náà, fọ́tò tí àwọn ọlọ́pàá ya O. J. Simpson nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Newsweek gbé e bí ó ti wà. Time mú ara ọkùnrin náà ṣú ju bí ó ti rí lọ. Àwọn ènìyàn fi igbe ta, wọ́n ní wọ́n ti fi àwọ̀ dá ẹjọ́ fún un kí adájọ́ tó jókòó. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹyọ kan nínú ojú ọkùnrin náà tí wọ́n yọ kúrò. Iye orí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fà sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bí àtúnṣe bá ti pọ̀ tó ni ó ń sọ ọ́ di irọ́. Àtúnṣe kékeré lè jẹ́ irọ́ ńlá, àtúnṣe ńlá sì lè má jẹ́ irọ́ rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn gbólóhùn mi ìkẹyìn yìí, kí ó jẹ́ kí á padà sí Ìsẹ̀ àti Ìkéré. Ọlọ́wẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní nǹkan bí ọdún 1873 tí ó sì kú ní 1938, jẹ́ ẹmẹsẹ̀ ní ààfin Arìnjàlè. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà ti Ìkéré. Lórí ilẹ̀kùn náà ni ọba ti jókòó pẹ̀lú adé, tí ó ń gba àlejò òyìnbó aláṣẹ kan, Captain Ambrose, tí àwọn aláàárù gbé wá. Ọba tóbi, òyìnbó kéré. Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògògà kò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì tún gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. British Museum ni ti àkọ́kọ́ wà di òní. Ọ̀kan nínú àwọn opó tí ó gbẹ́ fún ààfin kan náà láàárín 1910 sí 1914 wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Lára opó náà, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga ju ọba lọ fíìfíì.

Ta ni yóò pe Ọlọ́wẹ̀ ní òpùrọ́? Kò sí ọba tí orí rẹ̀ tó ìdá mẹ́rin ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí máa ń rí nínú ère wa. Kò sí olorì tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá wọ ààfin Ògògà ni ó mọ èdè tí igi gbígbẹ́ ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé orí tóbi nítorí pé orí ni àgbà ara. Wọ́n mọ̀ pé olorì ga nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni agbára ọba ti ń wá. Agbẹ́gilére àti òǹwòran ti bá ara wọn ṣe àdéhùn láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tí a tàn jẹ. Àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà wa máa ń lo ọ̀rọ̀ náà jíjọra fún ìwọ̀n tí agbẹ́gilére ń tẹ̀lé: kí ère jọ ẹni débi tí a ó fi mọ̀ ọ́n, kí ó má sì jọ ọ́ kọjá ibi tí ó yẹ.

Àdéhùn irú èyí ti wọ inú fọ́tò náà rí. Ní 1978, Stephen Sprague, òyìnbó ayàwòrán kan tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa ohun tí àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ń ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀. Wọn a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan bí ẹni pé ìbejì jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọn a wọ aṣọ obìnrin fún un nígbà kejì. Àtúnṣe wo ni ó tún tóbi tó èyí? Odidi ènìyàn ni wọ́n dá. Síbẹ̀ kì í ṣe irọ́, nítorí pé ìyá ọmọ mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo ará ilé mọ̀. Fọ́tò náà kò sọ pé ọmọ náà ṣì wà láàyè. Ohun tí ó ń sọ ni pé a kò gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ìsìnkú àgbà, àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀wọ̀ ní òfin mìíràn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣe àkó, ère olóògbé tí wọ́n wọ ní aṣọ tí wọ́n sì ń gbé káàkiri ìlú níbi ìsìnkú kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun kọ̀wé lé e lórí ní 1976. Orí àkó kò ní tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ ojú olóògbé gan-an. Àwọn baba wa tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbẹ́ orí ní ńlá ni wọ́n tún mọ ìgbà tí kò yẹ kí á gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí òkú bá ń dágbére fún ìlú, ó yẹ kí ìlú mọ ẹni tí ó ń dágbére.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Màmá Ìsẹ̀ já sí nìyí. Ìwé ìkéde òkú kì í ṣe ère ààfin, kì í sì í ṣe fọ́tò ìbejì. Ẹ̀rí ni. Ó ń sọ fún ará Ẹmùrẹ́ tí ó ń kọjá ní gáréèjì pé ẹni tí ó bá a ná ọjà rí ti lọ. Bí ará Ẹmùrẹ́ náà bá wò ó tí kò sì dá a mọ̀, a ti fi ìkéde pa ìkéde.

Mo padà sí Ìkéré lọ́jọ́ kejì. Mo bi ọmọ náà pé, “Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi mú ilà ojú màmá kúrò?” Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà. Mo rò pé àpá ni.” Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí n ó gbé ìbínú náà sí. Láti 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọ léèwọ̀, ó sì ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí ọ̀pọ̀ òbí ti pa á tì. Èmi náà kò kọ ilà fún ọmọ kankan. Ọmọ tí kò gbé inú ilé tí ilà wà, báwo ni yóò ṣe kà á? Lójú rẹ̀, àbàwọ́n omi àti ilà pélé jẹ́ nǹkan kan náà: ohun tí ó ba ojú jẹ́. Ní ti àwọ̀, ó ní gbogbo ẹni tí ó ń wá bá òun ni ó ń fẹ́ kí òun jẹ́ kí àwọn pupa díẹ̀, òun kò mọ̀ pé màmá kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ó le jù lọ fún mi láti dáhùn, nítorí pé ọmọ olóògbé, àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Èkó, ti sọ irú rẹ̀ fún mi lálẹ́ àná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ bí ilà yẹn ṣe dun màmá tó. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Èkó, àwọn ọmọdé àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì jáde mọ́ títí wọ́n fi padà sílé.” N kò gbọ́ ìtàn náà rí. Mo rántí pẹ̀lú pé kò sí ìgbà tí àwọn ènìyàn wa wọ ilé onífọ́tò tí wọn kò fẹ́ kí ojú wọn dára ju bí ó ti rí lọ. Ṣáájú kọ̀ǹpútà, pẹ́ńsùlù ni àwọn onífọ́tò fi ń tún ojú ṣe lára fíìmù, tí wọn ń fi pa ìwérépèpè àti ihunjọ rẹ́. Bí Màmá Ìsẹ̀ bá wà láàyè tí a sì fi fọ́tò pupa yẹn hàn án, bóyá ẹ̀rín ni ì bá rín. Bóyá ì bá ní kí á tẹ̀ ẹ́. Ta ni èmi láti gba ilà padà fún un?

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo sì fi ìbéèrè méjì wọ̀n ọ́n. Èkínní, ohun tí a mú kúrò yìí, ṣé ara fọ́tò ni ó wà tàbí ara ènìyàn? Omi kò ta sí Màmá Ìsẹ̀ lórí, bébà ni ó ta sí. Òǹtẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó mú ìwọ̀nyí kúrò nù ún mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ilà wà, ara rẹ̀ náà ni dúdú wà. Èkejì, ta ni a ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì gbà gbọ́ pé a ń sọ? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú òun pupa nínú fọ́tò tòun, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ń ṣe ọ̀ṣọ́ ni, bí ẹni kun osùn. Òkú kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa ni a ń sọ ọ́ fún un, ohun tí ó sì wu àwa ni a ó máa pè ní ohun tí ó wù ú. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti fi àṣẹ sílẹ̀, n kò rí ẹ̀tọ́ tí a ní láti fún un ní ojú mìíràn níwájú àwọn tí ó mọ ojú tirẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà dá ilà padà. Kò ní láti yà á, nítorí pé ó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Kí ó má pa á rẹ́ nìkan ni. Mo ní kí ó fi àwọ̀ sílẹ̀ ní dúdú àti funfun, kí ó má méfò àwọ̀ aṣọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí. Kí ó mú àbàwọ́n kúrò, kí ó sì na orí ìmọ́lẹ̀ náà láti 0 dé 255, kí ojú tí ó ti ṣá lè padà hàn. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ ní kékeré ju bí àwọn ẹbí ti fẹ́ lọ, kí ìméfò má baà ju ẹ̀rí lọ. Àwọn kan nínú ẹbí ní ìwé náà kò gbayì. Ìyá mi wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ lórí bébà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Láti ìgbà tí a ti túfọ̀, n kò tíì rí i kí ó sunkún.

Àbúrò mi náà kò sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí i ní Èkó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo rí fọ́tò pupa náà nínú férémù ńlá lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ó ti lọ gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò sí ohun tí mo lè wí, ìyá tirẹ̀ ni, ìrora tí ó mọ̀ ni èmi kò mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lábẹ́ férémù náà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ Màmá Ìsẹ̀ lójúkojú, férémù yẹn ni yóò sì máa jẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe, ó sì gbà. Ó sọ férémù kalẹ̀, a yí fọ́tò náà padà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé ìyá òun dúdú, ó sì kọ pélé.